Máàkì PHE kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ ehoro nìkan: bí mo ṣe ń ṣe ìgbéléwọ̀n lórí pápá àti nínú kíláàsì

Bí sáà bá ti wọlé, tí igbákejì ọ̀gá ilé ìwé bá ń pín iṣẹ́ fún àwọn olùkọ́, PHE, ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera, ni wọ́n sábà máa ń fi kún ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì kún. "Ẹ kúkú bá wa mú un, eré ìdárayá lásán ni." Bó ṣe ń dé ọwọ́ olùkọ́ Social Studies nìyẹn, tàbí ọmọ kọ́pà tó ka Accounting. Kò burú. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sáà bá dé ìdajì, tí ọ́fíìsì bá ní kí kálukú mú CA, máàkì ìgbéléwọ̀n inú sáà, wá. Olùkọ́ á wá máa ronú: kí ni kí n kọ? Àwọn kan á gba ìwé àwọn ọmọ jọ, wọ́n á fún ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ ní 35, ẹni tí ìwé rẹ̀ ya á gba 18. Àwọn mìíràn á rántí ẹni tó gba ipò kìíní ní ínta-háòsì, wọ́n á gbé 38 nínú 40 fún un, ọmọ tó sanra tó máa ń fà sẹ́yìn á gba 15. Nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó yẹ ọmọ kankan wò bóyá ó kọ́ nǹkan lọ́wọ́ wa.

Ilé ìwé ìjọba kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ PHE, JSS 1 títí dé JSS 3, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń pè mí ní Àǹtí Fèrè. Kíláàsì wa kún, pápá wa kò tẹ́jú, bọ́ọ̀lù wa kò tó. Bí mo ṣe ń ṣe é nínú ipò yẹn ni mo fẹ́ sọ, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, àti fún ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́ tó ṣì ń fojú díwọ̀n. Ohun tí mo dúró lé kò pọ̀: ohun tí ẹ kọ́ ọmọ ni kí ẹ wọ̀n, ẹ fi ohun tí Ọlọ́run ti fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ yín sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rí

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ á kàn kọ "Relay race" síbẹ̀, ó parí. Orúkọ eré nìyẹn, kò sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe. Kí ẹ tó fẹ́ fèrè rárá, ẹ jókòó kí ẹ bi ara yín: tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, kí ni ojú mi máa rí lára ọmọ JSS 2 tí mo máa fi mọ̀ pé ó ti wọ̀ ọ́ lára? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó ju àmì mẹ́rin lọ. Ojú èèyàn kò lè ṣọ́ nǹkan mẹ́jọ lára ọmọ tó ń sáré kọjá fìrì.

Ti rílè, eré tí àwọn eléré ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, tèmi nìyí. Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí ọ̀pá tó kan ọwọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn gbọọrọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan, kò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí òun náà bá fẹ́ fi ọ̀pá sílẹ̀, ó fi í lé ẹnìkejì lọ́wọ́, kò jù ú sí i. Ẹ̀kẹrin, ọ̀pá ti ọwọ́ ẹni kan bọ́ sí ti ẹnìkejì láàárín ìlà méjì tó pààlà àyè ìgbọ̀pá. Nínú ìdíje gidi ti 4 × 100 mítà, gígùn àyè ìgbọ̀pá yìí jẹ́ mítà 30. Mítà 20 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí òfin padà ní ìparí ọdún 2017, àwọn ìwé tó ti pẹ́ nílé ìwé wa ṣì ń pè é ní 20. Lórí pápá tèmi tí kò gùn, eérú ni mo fi ń fa ìlà méjèèjì, mo máa ń jẹ́ kí ìṣísẹ̀ 15 wà láàárín wọn. Ìyá tó ń se ìrẹsì lẹ́yìn ògiri ló ń fún wa ní eérú náà, kò sì gbowó.

Máàkì ti àmì kọ̀ọ̀kan kò ju òdo, ọ̀kan àti méjì lọ. Òdo ni kò ṣe é rárá. Ọ̀kan ni ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó tún sá a ó gbàgbé. Méjì ni ó ṣe é, ó sì tún un ṣe. Ẹ má fi ìdajì máàkì dá ara yín láàmú. Ẹni tó ń fún ọmọ ní 7½ lórí eré rílè, ó kàn ń ṣe bí ẹni pé ojú òun ní òṣùwọ̀n nínú ni. Àmì mẹ́rin, méjì méjì, mẹ́jọ nìyẹn.

Ibi tí ẹ máa dúró sí náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń lọ dúró síbi tí eré parí sí, ohun tí wọ́n sì máa rí níbẹ̀ kò ju ẹni tó ṣáájú lọ. Ẹ wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà eérú kejì, níbi tí àyè ìgbọ̀pá ti parí. Ẹ ó rí ojú ẹni tó ń gba ọ̀pá, ẹ ó rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ó sì rí ọ̀pá bóyá ó ti kọjá ìlà kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Tí ọmọ bá pọ̀ ju ojú lọ

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Àǹtí, ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́rin ló wà ní kíláàsì tèmi, ogójì ìṣẹ́jú ni píríọ́dù wa, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì ti lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ aṣọ tán." Ẹ ò ní wo gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méje, kí gbogbo ọ̀wọ́ máa ṣeré lọ, kí ẹ wá dúró ti ọ̀wọ́ méjì péré pẹ̀lú ìwé yín. Ẹ má sọ ọ̀wọ́ tí ẹ ń wò fún wọn. Ní píríọ́dù mẹ́rin, ẹ ti kárí kíláàsì, ẹni tí kò wá lọ́jọ́ tirẹ̀ á sì rí ọjọ́ mìíràn.

Èyí túmọ̀ sí pé irú eré méjì péré ni ẹ máa lè ṣe ìgbéléwọ̀n rẹ̀ dáadáa ní sáà kan. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ lè to mẹ́fà sílẹ̀, ẹ kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni kí ẹ wọ̀n. Máàkì mẹ́fà tí ẹ fi ojú díwọ̀n nínú ọ́fíìsì ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba rẹjísítà kò tó máàkì méjì tí ẹ rí pẹ̀lú ojú.

Ìwé tí mo ń lò kò ju ìwé àjákọ lásán tí mo fi rúlà fa ìlà sí lọ: orúkọ lápá òsì, àmì mẹ́rin lókè, mo fi páálí ìdí kátọ́ọ̀nù tì í lẹ́yìn kó lè gan lọ́wọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, ẹ má lo bíró, nítorí òjò. Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, ṣá. Tí ẹ kò bá tíì mọ orúkọ wọn, ẹ fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń dúró de ìgbà tiwọn náà ṣiṣẹ́. Ọmọ kan, àmì kan: ìwọ wo ọwọ́ ẹ̀yìn nìkan, ìwọ wo ìlà nìkan. Bó bá rí i kó na ọwọ́ sókè. Ẹ pín wọn kí ọmọ háòsì pupa máa wo ọmọ háòsì búlúù, torí ọ̀rẹ́ á máa gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́. Èmi kì í kọ máàkì wọn sínú rẹjísítà. Àwọn ọmọ le ju olùkọ́ lọ tó bá di ká dá ẹjọ́ ẹgbẹ́ wọn. Èrè rẹ̀ ni pé ọmọ tó bá ti fi odindi píríọ́dù ṣọ́ ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn, tó bá kan òun, ọrùn rẹ̀ kì í yí mọ́.

Iyanrìn á bá yín jẹ́rìí

Fífò jìnnà ni eré tó máa ń jẹ́ kí olùkọ́ ṣe àìdáa jù, nítorí mítà wà níbẹ̀, mítà sì rọrùn láti kọ sílẹ̀. Chioma Ajunwa fò mítà 7.12 ní Atlanta lọ́dún 1996, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà. Kò sí olùkọ́ PHE tó kọ́ ọmọ JSS 1 ní ẹsẹ̀ gígùn. Bí mítà nìkan bá ni ẹ fi ń fún wọn ní máàkì, gíga bàbá ọmọ ni ẹ ń fún ní máàkì yẹn.

Ohun tí a lè kọ́ ọmọ ni bó ṣe máa sáré wọlé láìdẹ̀rìn nígbà tó bá kù díẹ̀, bó ṣe máa fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ pátákó kó tó fò, bó ṣe máa gbé ara sókè dípò kó kàn gbá ara síwájú, àti bó ṣe máa bọ́ sílẹ̀. Bíbọ́ sílẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, torí a kò nílò ojú yíyá níbẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ tàbí réèkì tẹ́ iyanrìn pẹrẹsẹ kí ọmọ tó fò. Lẹ́yìn tó bá ti fò tán, ẹ ní kó jáde láti iwájú, kó má padà sẹ́yìn. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo kòtò. Bí ẹ bá rí gìgísẹ̀ méjì tó wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí iwájú wọn rí jágajàga níbi tí orúnkún àti ọwọ́ ti kàn, ọmọ yẹn tẹ orúnkún, ó sì fi ara síwájú: méjì. Bí gìgísẹ̀ bá wà, tí ojú ìdí ńlá kan sì wà lẹ́yìn wọn bí ibi tí adìẹ ti sàba, ó jókòó sẹ́yìn nìyẹn. Ibi tí ara kàn tó sún mọ́ pátákó jù ni wọ́n ti ń wọn eré yìí, torí náà ìdí ọmọ ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ pe gbogbo wọn kí wọ́n wá wò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka iyanrìn, kó sọ máàkì tó yẹ òun. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé wọn kì í parọ́ nídìí kòtò, àwọn tó jẹ́ pé tó bá di ìdánwò inú kíláàsì wọ́n á máa yọjú wo ìwé ẹlòmíràn.

Mítà náà ní ìwúlò tirẹ̀, ọmọ àti ara rẹ̀ ni kí ẹ fi í wé. Ẹ wọn ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹ tún wọn ọ́n ní ìparí. Okùn tí mo so kókó sí ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan ni mo ń lò, ó tó. Ẹni tó bá fi nǹkan kún tirẹ̀ gba méjì, ẹni tó wà lójú kan gba ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó ju méjì lọ o. Ọmọ Ìbàdàn gbọ́n. Tí wọ́n bá mọ̀ pé máàkì púpọ̀ wà nínú ìtẹ̀síwájú, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ máa rí eléré sísá tó ń fò bí arúgbó.

Ẹ tún rántí pé eré ilé náà ṣeé wọ̀n. Tí kò bá sí kòtò iyanrìn nílé ìwé yín, ẹ fi ẹfun ya súwè sílẹ̀. Dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, fífò sínú ilé kan láìtẹ ìlà, bíbẹ̀rẹ̀ mú òkúta láìṣubú, títẹ orúnkún nígbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tẹ́ń-tẹ́n àwọn obìnrin náà ń bẹ, ẹni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ tí ẹsẹ̀ ń bá ọwọ́ rìn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ẹ ní kí àwọn ọkùnrin náà gbìyànjú rẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Ìlera: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ṣe é

Ibi tí PHE ti ń dá mi lágara jù nìyí. Ọmọ á kọ ìtumọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì láìtàsé, á kọ ohun mẹ́wàá tó wà nínú àpótí rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ nímú lórí pápá, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé á fà á lórí sẹ́yìn, á ní kó máa wo ọ̀run. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, ìwé kò sì kàn án lára.

Torí náà, méjì méjì ni mo ń tò wọ́n. "Imú ọ̀rẹ́ rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó yá." Mo dákẹ́. Ohun tí mo ń wò ni pé: ó mú un jókòó, ó ní kó tẹrí síwájú, ó ní kó fi ìka méjì fún ibi rírọ̀ ní ìsàlẹ̀ imú, kì í ṣe egungun òkè, ó ní kó máa fi ẹnu mí, kó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ dànù kó má gbé e mì, kò sì jẹ́ kó tú ọwọ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ìbéèrè àmì tó kẹ́yìn ni mo máa ń fi ẹnu bi wọ́n: ìgbà wo ni kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìka mọ́? Ẹni tó bá ní tí ó bá kọjá ìdajì wákàtí tí kò dá, tàbí tó bá jẹ́ pé ó fi orí gbá nǹkan ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kù, ọmọ yẹn ti mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú méjì ni ọmọ méjì ń gbà, torí mi ò ní kí wọ́n fún imú tán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á sọ ọ́ fún mi ni.

Ti omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ni mo fi ń ṣe CA tó tóbi jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ló ní àbúrò nílé. Lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a fi ọ̀bẹ gé lórí pẹrẹsẹ, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Piọ́-wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50 cl sí lára ló ń jẹ́ lítà kan; kí ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí ọ̀rá náà, torí ike àti ọ̀rá kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Àmì márùn-ún ni mo ń wò. Ó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀, tó ìṣẹ́jú àáyá 20, tí ẹ̀yìn ọwọ́ àti àárín ìka náà kàn án. Omi rẹ̀ pé lítà. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, kò sì rí gègèlè. Iyọ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, torí iyọ̀ tó pọ̀ jù lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá. Ẹ̀karùn-ún, ó lè sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń fún ọmọ mu, pé èyí tó bá ku lẹ́yìn wákàtí 24 a ó dà á nù, àti pé tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá fi kún un pé tí ọ̀rá ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò sílẹ̀, bá wà ní ilé ìwòsàn ìjọba kí a lo ìyẹn, inú mi á dùn púpọ̀.

Ta ló fẹ́ ra ṣúgà fún ọmọ 67 ní owó tí ṣúgà jẹ́ lónìí? Iyanrìn gbígbẹ la fi ń ṣe ṣúgà, lẹ́búlẹ́bú pákó la fi ń ṣe iyọ̀, omi kan náà la sì ń dà sínú ọ̀rá ń dà á jáde. Ìwọ̀n ni mò ń wò, kì í ṣe adùn. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, a ó po ojúlówó ẹyọ kan, kálukú á tọ́ ọ wò kí wọ́n lè mọ̀ pé kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Ìlù ọkàn náà rọrùn. Ìka méjì lórí ọrùn ọwọ́, kì í ṣe àtàǹpàkò torí iṣan wà nínú tirẹ̀ náà. Kí wọ́n kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Kí wọ́n kà á ní ìjókòó, kí wọ́n sáré yí pápá ká, kí wọ́n tún kà á. Ẹ má fún nọ́ńbà náà ní máàkì. Àlàyé ni kí ẹ fún: kí ló dé tó fi pọ̀ sí i, kí ló sì dé tí ti Ṣadé fi tètè balẹ̀ ju ti Kúnlé lọ?

Ìdánwò orí ìwé

Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ọ́fíìsì ń béèrè rẹ̀, ìdánwò àṣejáde JSS 3 náà sì wà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n "Kí ni ìtumọ̀ ìmọ́tótó?" kò wọn ohunkóhun ju iye tí ọmọ kọ́ sórí lọ. Irú èyí ni mo ń kọ: Kúnlé tẹ kòtò nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kókósẹ̀ rẹ̀ rọ́, ó sì ti ń wú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ fi omi gbígbóná àti òróró wọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Sọ ohun méjì tí ìwọ máa ṣe dípò rẹ̀, kí o sì sọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Máàkì márùn-ún: méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun tó máa ṣe (kó sinmi, kó fi aṣọ tó ní omi tútù tàbí yìnyín lé e, kó di í, kó gbé ẹsẹ̀ sókè, èyíkéyìí), ọ̀kan fún ìdí. Tí ọmọ bá kọ gẹ̀ẹ́sì tí kò gún, tí èrò rẹ̀ sì yé yín, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Olùkọ́ English ń bẹ tí ó ń ṣe tiẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fún ní máàkì

Aṣọ eré. Ọmọ tí kò ní kánfáàsì kò ní in ni. Mo rí i tí olùkọ́ ń yọ máàkì márùn-ún lórí níkà funfun. Àpò òbí ni wọ́n ń wọ̀n. Tí ẹsẹ̀ lásán bá léwu lórí pápá yẹn, ẹ ṣa ìgò àti ìṣó kúrò níbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n ara. Ẹ lè kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn kílò àti gíga, ẹ sì lè fún ìṣirò náà ní máàkì, ṣùgbọ́n ẹ lo nọ́ńbà ẹni tí ẹ fi èrò dá. Ẹ má dúró lẹ́bàá òṣùwọ̀n kí ẹ máa ké kílò ọmọ ẹni ẹni jáde, wọ́n á fi sọ ọ́ ní orúkọ títí tó fi máa jáde nílé ìwé. Àti pé ààlà 18.5 àti 25 tí ẹ ń rí kiri fún BMI, ìyẹn ìṣirò kílò sí gíga, ti àgbàlagbà ni. Ti ọmọdé ń yí pẹ̀lú ọjọ́ orí, ti ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lè sáré lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ wò wọ́n gba sùúrù. Ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, ẹni tó ní ikọ́ fée, ọmọbìnrin tí ǹkan oṣù rẹ̀ ń dà á láàmú, ẹni tó ń gbààwẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ béèrè ní ìkọ̀kọ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ọmọ á ṣubú. Ẹlẹ́jẹ̀ SS kò gbọdọ̀ sáré débi tí agara á dá a pátápátá, ó sì gbọ́dọ̀ máa mumi. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kí oògùn tó ń fà sẹ́nu wà lápò rẹ̀ lórí pápá, kì í ṣe nínú àpò ìwé ní kíláàsì. Ẹni tó lè ṣe é lọ́jọ́ mìíràn, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò lè ṣe é rárá, àmì mẹ́rin yẹn náà ni ẹ máa lò: ẹ jẹ́ kó fi ìrìn ṣe gbígbé ọ̀pá láti ọwọ́ dé ọwọ́, tàbí kó dúró ṣe rẹfirí, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nípa eléré mẹ́ta. Ẹ má kọ 20 fún un láti fi ṣàánú. Ó mọ̀ pé àánú ni.

Ìyà náà kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ jẹ ọmọ níyà ní àárọ̀ Mọ́ńdé, tó wá fẹ́ fún un ní máàkì lórí fífò ní Wẹ́sìdeè, kí ló ń retí?

Bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ogójì ni CA lọ́dọ̀ wa, ọgọ́ta ni ìdánwò. Tí ti yín bá jẹ́ ọgbọ̀n, ẹ dín in kù bó ṣe yẹ. Eré méjì, mẹ́jọ mẹ́jọ: 16. Ìtẹ̀síwájú ọmọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì méjì: 4. Ìlera tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe: 10. Tẹ́ẹ̀sì orí ìwé: 10. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ kó o sínú rẹjísítà, torí ìwé orí pápá kì í pẹ́ sọnù. Lórí káàdì èsì, ẹ máa rí àpótí kékeré tí wọ́n kọ "Games" sí, tí olùkọ́ kíláàsì máa ń fi ọ̀kan sí márùn-ún kún láìtíì dé pápá rí. Ẹ fún un ní ẹ̀dà ìwé yín kó má baà máa méfò.

Kí ẹ tó gbé máàkì lọ, ẹ wo ìwé yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òdo bá kún abẹ́ àmì kan, bíi pé ìdajì kíláàsì ló ń bojú wẹ̀yìn, ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì yé wọn, ẹ padà kọ́ ọ ní píríọ́dù kan sí i, ẹ tún wo àmì yẹn nìkan. Ó máa ń gba ogún ìṣẹ́jú. Mo máa ń ní kí wọ́n rìn ín kọ́kọ́, ọ̀pá lọ́wọ́, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pariwo "gbà!" kí ti iwájú tó na ọwọ́. Etí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí ọrùn ń ṣe.

Àwọn òbí máa wá. Bàbá kan á wọlé pẹ̀lú mẹ́dàlì ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, á ní báwo ni ẹni tó gba ipò kìíní ní ínta-háòsì ṣe gba 27, tí ọmọ tí kì í lè sáré yí pápá ká gba 33. "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ jókòó." Ẹ ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀, ẹ fi ìka tọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ títí dé ibi tí òdo wà: ó ju ọ̀pá, ó gbà á lẹ́yìn ìlà, iyọ̀ rẹ̀ kún ṣíbí. Ẹ wá sọ ọjọ́ tí ọmọ náà lè wá tún un ṣe fún un, kí máàkì tó kúrò lọ́wọ́ yín.